Owó oúnjẹ kì í bá mi dé ìparí oṣù: ṣé kí n máa sè é ni, àbí kí n máa rà á?

Ọmọ Agbowó kọ pé:

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará ilé. Mo wà ní ọdún kejì ní Yunifásítì Ìbàdàn, Agbowó ni èmi àti ẹnìkejì mi sì háyà yàrá sí. ₦60,000 ni àwọn òbí mi máa ń fi ránṣẹ́ sí mi bí oṣù bá parí, iye kan náà sì ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí òun náà. Inú rẹ̀ ni oúnjẹ, owó ọkọ̀, dátà àti fótókọ́pì ti ń jáde. Owó ilé kò sí níbẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ kẹta tó parí, owó náà á ti tán.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí èmi àti ẹnìkejì mi ń fà mọ́ ara wa lọ́wọ́. A ní sílíńdà gáàsì kékeré, oníkìlógíráàmù mẹ́ta, ṣùgbọ́n ẹnìkejì mi ní gáàsì wọ́n, ata wọ́n, nítorí náà ẹni tí ó sè é àti ẹni tí ó rà á, ọgbọọgba ni wọ́n. Ní bùkà tí a ti ń jẹun, ₦1,500 ni àmàlà pẹ̀lú ẹran kan ṣoṣo. Bí ènìyàn bá jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, ₦3,000 nìyẹn, ìyẹn ₦90,000 lóṣù, a kò sì tíì sọ̀rọ̀ dátà. Èyí ni a ṣe ń jẹun gidi lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, tí a ó wá fi búrẹ́dì, bọ́ọ̀nsì àti gaàrí tan ara wa jẹ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí i: ta ni ẹjọ́ rẹ̀ tọ́?

Àdùkẹ́ Oníṣirò fèsì pé:

Àbúrò, jẹ́ kí a kọ́kọ́ parí ẹjọ́ gáàsì yẹn, nítorí òun ni ẹnìkejì rẹ fi ń bò ọ́ lójú. Lórí irú sílíńdà kékeré tí ẹ ní yẹn, kìlógíráàmù kan máa ń tó nǹkan bíi wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà, bí ẹ kò bá jẹ́ kí iná náà ga débi tí yóò máa lá ẹ̀gbẹ́ ìkòkò. Bí ẹ bá ra kìlógíráàmù kan ní ₦1,200, iná wákàtí kan kò lé ní ₦240. Ẹ gbé ẹ̀wà kaná, kí ó lo wákàtí kan àbọ̀ gbáko: ₦360 ni gáàsì tí ó jẹ. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá jẹ ìkòkò ẹ̀wà náà lálẹ́, tí ẹ sì tún jẹ ẹ́ láàárọ̀, abọ́ mẹ́rin nìyẹn, ₦90 sì ni gáàsì abọ́ kan. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ₦1,500 kí ẹ wò ó. Kì í ṣe gáàsì ni ó ń gbé owó yín lọ.

Ohun tí ó ń gbé e lọ ni pé owó náà ń pẹ́ jù lọ́wọ́ yín kí ó tó di oúnjẹ. Ní ọjọ́ tí ó bá wọlé gan-an ni kí ẹ ti sọ ìdajì rẹ̀ di oúnjẹ gbígbẹ: ìrẹsì, ẹ̀wà, gaàrí, èlùbọ́, epo pupa, òróró, ẹja gbígbẹ, iyọ̀. Owó tí ó ti di ẹ̀wà kò ṣeé fi ra bísíkíìtì ní ẹnu ọ̀nà yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rẹ́ kankan kò sì lè yá a lọ́wọ́ yín láti fi ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. Nínú ₦60,000 tìrẹ, fi ₦30,000 sí oúnjẹ gbígbẹ, kí ẹnìkejì rẹ náà fi ₦30,000 tirẹ̀ lé e. Fi ₦10,000 pa mọ́ fún gáàsì, ata àti ẹ̀fọ́ tí ẹ ó máa rà díẹ̀díẹ̀. ₦20,000 tí ó kù, pín in sí mẹ́rin, kí ₦5,000 jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ kan fún ọkọ̀, dátà àti ìwé.

Àwọn ènìyàn a máa gba akẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn pé kí wọ́n dá iye kan sọ́tọ̀ fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. N kò fara mọ́ ọn. Ọjọ́ kan péré tí olùkọ́ bá ní kí ẹ lọ tẹ iṣẹ́ àṣetiléwá olójú ewé ogún jáde, ètò ọjọ́ náà ti dàrú, ènìyàn a sì pa gbogbo rẹ̀ tì. Ọ̀sẹ̀ gbòòrò ju ọjọ́ lọ. Ó ṣeé fà síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Baba Fáínálì fèsì pé:

Ìṣirò Àdùkẹ́ tọ́, ṣùgbọ́n àkókò kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tí ó ti jókòó sí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ láti aago mẹ́jọ òwúrọ̀ títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tí iṣẹ́ ọ̀la sì tún wà nílẹ̀, kò ní gbé ẹ̀wà kaná nígbà tí ó bá wọlé. Bùkà ni yóò gbà lọ. Bí ẹ bá ní kí ẹ̀yin náà máa se gbogbo nǹkan, kò ní ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí ẹ ó fi padà sí ibi tí ẹ ti ń bọ̀.

Ẹ wo abọ́ ₦1,500 yẹn dáadáa. Òkèlè ni owó rẹ̀ kéré jù níbẹ̀. Ẹran àti ọbẹ̀ ni ó sọ ọ́ di ₦1,500. Ohun tí ó mọ́gbọ́n wá ni kí ẹ máa se èyí tí ó wọ́n, kí ẹ sì máa ra èyí tí kò wọ́n. Ní ọjọ́ Àìkú, ẹ din ìkòkò ọbẹ̀ ata kan tí yóò dé Ọjọ́rú, kí ẹ fi pọ̀nmọ́ àti ẹja ṣàwá sí i dípò ẹran màlúù. Láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ ra ẹ̀kọ tàbí fùfú wálé, tàbí kí ẹ ro èbà, nítorí èbà kò ju omi híhó àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Bí ìrẹsì bá wù yín, ẹ sè é; òun náà kì í pẹ́ lórí iná.

Ẹni tí kò ní fíríìjì gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń tọ́jú ọbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ata náà dín títí omi inú rẹ̀ yóò fi gbẹ, tí òróró yóò sì léfòó. Ẹ máa gbé e kaná láàárọ̀ àti lálẹ́ kí ó hó dáadáa, kì í ṣe kí ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹni tí ó bá ti fi ṣíbí kan ẹnu kò gbọdọ̀ tì í bọ inú ìkòkò náà mọ́. Ewédú kò sí nínú àwọn ọbẹ̀ tí à ń tọ́jú báyìí; ìwọ̀n tí ẹ ó jẹ tán lẹ́ẹ̀kan náà ni kí ẹ sè.

Ajẹ́wàásùn fèsì pé:

Ẹ̀gbọ́n Fáínálì, ẹ fi ẹ̀wà sílẹ̀ o! Ẹni tí ó bá ń gbé ẹ̀wà kaná ní gbígbẹ ni ó ń pẹ́. Bí ẹ bá ti fẹ́ sùn, ẹ ṣà á, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi púpọ̀, kí ẹ lọ sùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ da omi náà nù, ẹ bu omi tuntun sí i, kí ó hó fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ wá pa iná, kí ẹ de ìdérí rẹ̀ pinpin, kí ẹ fi aṣọ tí ó nípọn wé ìkòkò náà. Ẹ lọ wẹ̀, ẹ múra, ẹ ka ìwé díẹ̀. Ooru inú ìkòkò ni yóò máa bá yín ṣiṣẹ́ láìjẹ gáàsì. Nígbà tí ẹ bá padà tan iná sí i, kò ní pẹ́ rárá tí yóò fi rọ̀.

Ẹ má ṣe kánjú da ata sí i. Tòmátò máa ń mú kí ẹ̀wà yigbì, nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ó rọ̀ tán ná. Bí ẹ bá sì rí ẹ̀wà tí ẹ rẹ mọ́júmọ́ tí kò tún rọ̀, ẹ̀wà tí ó ti pẹ́ nílẹ̀ ni wọ́n tà fún yín.

Ìyá Bódìjà fèsì pé:

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ ìwé o. Ó pẹ́ tí mo ti ń ta oúnjẹ gbígbẹ ní ọjà Bódìjà, ìdí nìyí tí mo fi lẹ́nu níbí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa wá bá wa lọ́kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù á ra ìdajì kóńgò. Bí ẹ bá lè kó ara yín jọ bí ẹni mẹ́rin, kí ẹ wá ra ìrẹsì tàbí ẹ̀wà tó kóńgò mẹ́wàá pa pọ̀, ẹ ó lè ná ọjà. Ẹni tí ó ra ìdajì kóńgò, kí ni kí n yọ fún un?

Ẹ máa wo kóńgò kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Ẹ gbé e sókè, ẹ yí i dojú dé, ẹ tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò. Èyí tí wọ́n ti lù wọ inú, ẹ̀wà tí ó lè gbà ti dín kù, bó ti wù kí ẹni tí ń tà á kó orí lé e tó. Ẹ tún bèèrè bóyá pípa lójú, ìyẹn kí ó tẹ́ mọ́ ẹnu kóńgò, ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n tàbí olórí, nítorí ẹni tí iye owó tirẹ̀ kéré lè jẹ́ ẹni tí ń pa á lójú, kí ẹ máa rò pé ẹ ti rí ọjà pọ́ọ́kú. Bí ẹ bá ti rí ẹni tí òṣùwọ̀n rẹ̀ dára, ẹ sọ ọ́ di oníbàárà yín; kò sí oníbàárà tí n kì í fún ní ènì.

Oúnjẹ ní àsìkò tirẹ̀, ẹni tí ó mọ àsìkò ni kì í san owó gọbọi. Tòmátò tí ó ń ti òkè Ọya wá máa ń pọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ní nǹkan bí oṣù Kìíní títí dé oṣù Kẹta. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, pàápàá láti oṣù Karùn-ún sí oṣù Keje, owó rẹ̀ a fò sókè. Nígbà náà, ẹ fi tòmátò sílẹ̀, ẹ fi tàtàṣé díẹ̀, àlùbọ́sà púpọ̀ àti ata gígún se ọbẹ̀ yín. Ìrú á bá yín ṣe èyí tí ó kù. Àsìkò yẹn kan náà ni àgbàdo tuntun ń jáde, kò sì sí oúnjẹ tí ó rọrùn fún akẹ́kọ̀ọ́ bí i àgbàdo sísè. Iṣu tuntun a máa tẹ̀ lé e. Ẹ̀wà tuntun máa ń ti òkè Ọya wọlé ní nǹkan bí oṣù Kẹwàá sí oṣù Kọkànlá. Ìgbà náà ni kí ẹ ra ẹ̀wà tí yóò pẹ́ lọ́wọ́ yín.

Ata tútù kì í ṣe ọjà àárọ̀ fún ẹni tí kò lówó. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn aláta ń palẹ̀ mọ́, èyí tí wọn kò fẹ́ kí ó bá wọn sùn ni wọ́n ń tà ní àtàpatán. Bí ẹ bá délé, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ sè é kí omi rẹ̀ gbẹ ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an, nítorí irú ata bẹ́ẹ̀ kì í dúró di ọ̀la.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́ fèsì pé:

Mo fẹ́ dúró lórí jíjẹun lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ tí ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí mẹ́nu bà, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní 0-1-0. Ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé ebi ni ó ń fa ọgbẹ́ inú. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an. Kòkòrò kan tí ń jẹ́ Helicobacter pylori ni ó ń fa ọ̀pọ̀ rẹ̀, àti lílo oògùn ara ríro bí i ibuprofen léraléra. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin gan-an ni ẹ̀ ń lo ibuprofen yẹn bí orí bá ń fọ́ yín, orí tí ó jẹ́ pé ebi ni ó ń fọ́ ọ.

Ní ti gaàrí mímu, n kò ní kí ẹ má mu ún. Ìjẹ̀bú ni mí. Agbára ni gaàrí ń fún ènìyàn, kò ní ohun tí ń mú ara dàgbà nínú tó. Ẹ̀pà, kúlíkúlí tàbí ẹja díndín tí ẹ bá fi mu ún ni ó ń sọ ọ́ di oúnjẹ. Ṣúgà nìkan kò lè ṣe é. Owó ẹyin ti ga lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹyin kan ṣì dára fún yín ju ẹran kékeré inú abọ́ bùkà lọ. Ẹ má sì yọ ẹ̀fọ́ kúrò. Tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ wà lára ohun tí owó rẹ̀ kéré jù ní ọjà.

Ọmọ Ìlọrin fèsì pé:

Ní tiwa níbí, wàrà ni a fi ń rọ́pò ẹran. Ẹ gé e, ẹ dín in, ẹ dà á sínú ọbẹ̀, ó parí. Bí ẹ kò bá rí i rà ní Ìbàdàn, ẹ wá bẹ́skẹ, ìyẹn wàrà tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà ṣe.

Àwa mẹ́rin ni a jọ ń sè é ní ilé wa. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìjà inú ìkòkò àjùmọ̀ṣe a máa le. Ẹ fi òfin sí i láti ọjọ́ kìíní: ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí yóò lọ sí ọjà, ẹni tí ó sè é kò ní fọ ìkòkò, ẹni tí kò ní sí nílé kí ó sọ ọ́ kí wọ́n tó wọn ìrẹsì, kì í ṣe lẹ́yìn tí ó bá ti jinná. Ní ti ẹran, ẹ kà á sínú abọ́ kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Ẹ má ṣe tijú kíkà á.

Akápò fèsì pé:

Gbogbo yín ti sọ̀rọ̀ oúnjẹ, ẹ jẹ́ kí n sọ ti owó fúnra rẹ̀, nítorí ọ̀nà kékeré pọ̀ tí ó ń gbà lọ kí ó tó dé ọjà. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹta ọdún 2025, bí ẹ bá gba owó lẹ́nu ẹ̀rọ báǹkì tí kì í ṣe tiyín, ₦100 ni wọn ó yọ lórí ₦20,000 kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ̀rọ náà kò bá sí nínú ọgbà báǹkì, wọ́n tún lè fi tó ₦500 lé e. Ẹ̀rọ báǹkì tiyín kì í gba nǹkan kan. Ẹ rìn dé ibẹ̀, kí ẹ gba ti ọ̀sẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí ẹ bá fẹ́ fi owó pa mọ́, ẹ mọ ìyàtọ̀ àárín àjọ àti èsúsú. Alájọ tí ń wá gba owó lójoojúmọ́ máa ń mú owó ọjọ́ kan nínú oṣù gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀: ẹni tí ó dá ₦300 fún ọgbọ̀n ọjọ́ yóò gba ₦8,700 dípò ₦9,000. N kò sọ pé ó burú. Ẹni tí kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu, ₦300 yẹn kò pọ̀ jù. Èsúsú láàárín ọ̀rẹ́ márùn-ún kì í yọ nǹkan kan, ẹni tí ó sì kan lè fi tirẹ̀ ra ìkòkò tàbí sílíńdà. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹni tí ó wà ní ọdún àṣekágbá kọ́kọ́ kó o.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó náà wà níbẹ̀. NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, tí òfin rẹ̀ gba ìbuwọ́lùwé ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, ń san owó ilé-ìwé fún akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé gíga ìjọba, ó sì ń fi ₦20,000 lóṣù ránṣẹ́ fún owó ìjẹun. Kò ní èlé, ọdún méjì lẹ́yìn iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ni sísan rẹ̀ padà sì ń bẹ̀rẹ̀. Gbèsè ni síbẹ̀, ẹ má ṣe gbà á nítorí pé àwọn ẹgbẹ́ yín ń gbà á. Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín òun àti àwọn ayánilówó orí fóònù tí wọ́n ń fún ènìyàn ní ₦5,000 ní ìṣẹ́jú márùn-ún, tí wọn ó sì máa pe ìyá yín, olùkọ́ yín àti ẹni tí ẹ ń fẹ́ bí ọjọ́ bá yẹ̀. FCCPC, àjọ ìjọba tí ń dáàbò bo oníbàárà, ti gbé ìlànà jáde nípa wọn láti ọdún 2022, àkọsílẹ̀ àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí sì wà lórí ojú-òpó wọn. Ní tèmi, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí pàápàá kò yẹ ní ohun tí à ń fi ra oúnjẹ.

Ọmọ Agbowó fèsì pé:

Ẹ ṣeun púpọ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun mà. Mo ka ìṣirò gáàsì náà sí etí ẹnìkejì mi, kò sì rí èsì fọ̀. A ti fẹnu kò pé a ó máa se ọbẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú bí ẹ̀gbọ́n Fáínálì ti wí, a ó sì máa se ẹ̀wà lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀. Àwọn méjì nínú àgbàlá wa ti ní àwọn yóò bá wa dá owó ìrẹsì àti ẹ̀wà. Ìbéèrè kan ni ó kù: Ìyá Bódìjà, báwo ni a ṣe máa tọ́jú ẹ̀wà tó kóńgò mẹ́wàá tí kòkòrò kò fi ní jẹ ẹ́? Ẹnìkan ní kí a fín Sniper sí i.

Ìyá Bódìjà fèsì pé:

Ọmọ mi, má dán an wò! Oògùn apakòkòrò ni Sniper, kì í ṣe ohun tí a ń fi sí oúnjẹ. Nítorí irú ìlòkulò bẹ́ẹ̀ ni NAFDAC fi ní kí wọ́n má ta ìgò rẹ̀ kékeré ní gbangba mọ́ láti ọdún 2019. Ẹ̀wà tí ó bá ń rùn bí oògùn, ẹ dá a padà fún ẹni tí ó tà á.

Ẹ sá ẹ̀wà náà sí oòrùn fún ọjọ́ kan, ẹ jẹ́ kí ó tutù, kí ẹ wá rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì tàbí ìgò oníke tí ó gbẹ dáadáa. Ẹ máa gbọ̀n ọ́n bí ẹ ti ń rọ ọ́, kí ó lè kún dé ẹnu pátápátá, kí ẹ sì de ìdérí rẹ̀ pinpin. Kòkòrò tí ó bá wà nínú rẹ̀ kò ní rí afẹ́fẹ́ mí. Ìgò kékeré púpọ̀ dára ju kẹ́ẹ̀gì ńlá kan lọ, nítorí èyí tí ẹ bá ṣí nìkan ni afẹ́fẹ́ yóò wọ̀. Bí ẹ bá ń bọ̀ ní ọjọ́ Sátidé, ẹ kó ìgò omi òfìfo dání, kí n bá yín rọ ọ́ sí i láti ọ̀dọ̀ mi.